Ilé-ìwé inú ọgbà tí kóòtù fi ọmọ wa sí n'Íbàdàn: ẹ wo rẹ́jísítà wọn kẹ́ ẹ tó wo kíláàsì

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún wọn, màá sọ ibi tí ẹyọ kan tó kù gbà lọ. Mi ò ní kọ orúkọ ilé náà síbí o, mi ò sì ní sọ àdúgbò tó wà, torí ọmọdé ló wà níbẹ̀, òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tí wọ́n ṣe l'Ábùjá lọ́dún 2003, tí ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ náà sì ṣe tiẹ̀ lọ́dún 2006, ò fẹ́ ká máa gbé orúkọ ọmọ tó ní ẹjọ́ kiri ìta, téèyàn bá sì ti dárúkọ ilé tán, aládùúgbò ló máa fi ẹnu ara ẹ̀ dárúkọ ọmọ.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lọ̀rọ̀ kàn. Ọmọ ọdún 15 ni, JSS 3 ló wà. Wọ́n kó òun àtàwọn bọ̀ọ̀bọ́ kan tí wọ́n jù ú lọ dáadáa lórí ọ̀rọ̀ fóònù tí wọ́n já gbà lọ́wọ́ ẹnì kan ní Mọ́kọ́lá, ó wà níbẹ̀, kò sẹ́, àmọ́ ọwọ́ ẹ̀ kọ́ ló já a gbà. Ní téṣàn, ọdún 19 ni wọ́n kọ sílẹ̀ fún un torí pé ó ga, baba ẹ̀ náà ga, ṣé gíga lọjọ́ orí ni? Ìyá ẹ̀ ló sáré lọ mú ìwé ìbí tí wọ́n gbà lọ́dọ̀ àjọ elétò ìkànìyàn wá, bébà kékeré yẹn ló yọ wá, torí ẹni tí ò bá tíì pé ọdún 18, ọmọdé ni lójú òfin yìí, wọn ò gbọ́dọ̀ jù ú sẹ́wọ̀n, wọn ò gbọ́dọ̀ dájọ́ ẹgba fún un. Ẹ̀yin tẹ́ ò tíì gba ìwé ìbí ọmọ yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde kẹ́ ẹ lọ gbà á.

Kóòtù ìdílé ni wọ́n gbé ẹjọ́ náà lọ. Adájọ́ májísíréètì kan ló jókòó pẹ̀lú èèyàn méjì tí wọ́n ń bá a gbọ́ ẹjọ́, ọ̀kan nínú àwọn méjì yẹn sì gbọ́dọ̀ jẹ́ obìnrin, bí òfin ṣe wí nìyẹn. Ẹni tọ́rọ̀ ò kàn ò wọlé, oníròyìn gan-an ò lè yọjú síbẹ̀. Wọ́n ní kó lọ wà nílé kan tó ní ilé-ìwé nínú fún oṣù díẹ̀, káwọn wẹ́lífíà, ìyẹn àwọn òṣìṣẹ́ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ọmọdé, máa mójú tó o. Ilé aládàáni ni, àmọ́ ìjọba fọwọ́ sí i.

Kó tó dìgbà yẹn ẹbí ti pé jọ, ẹ sì mọ ìpàdé ẹbí n'Íbàdàn, kò sẹ́ni tí ò ní ibi tó mọ̀. Bọ̀dá kan ní ká kúkú gbé e lọ Borstal, ilé ìtúnṣe àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ sófin, l'Ábẹ́òkúta kó lọ gbọ́n wá. Mo ní bọ̀dá, ẹ dákun, ilé ìjọba àpapọ̀ nìyẹn, mẹ́ta péré ló wà ní gbogbo Nàìjíríà, ti Kàdúná, ti Ìlọrin àti ti Abẹ́òkúta yẹn, ọmọ ọdún 16 sókè ni òfin wọn sì sọ, báwo lẹni ọdún 15 ṣe máa débẹ̀. Wọ́n ní mo ti ń ṣe lọ́yà.

Ẹlòmíì wá fún wa ní nọ́ńbà ọkùnrin kan tó ní ilé tó fi ń "tún ọmọ ṣe". Mo pè é. Kò bi mí lórúkọ ọmọ, kò bi mí lọ́jọ́ orí ẹ̀, kò bi mí bóyá ó ní àìsàn kankan lára, ohun tó bi mí ni bóyá màá lè san owó oṣù mẹ́fà papọ̀. Ó ní tí álẹ́ẹ̀tì bá ti wọlé, àwọn bọ́ìsì òun á wá gbé e lóru nígbà tó bá ń sùn lọ́wọ́, kò ní mọ ibi tó ń lọ. Mo ní ṣé a lè kọ́kọ́ wá wo ibẹ̀, ó ní àwọn kì í gba àlejò ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Mo ti gé fóònù kó tó sọ̀rọ̀ tán. Èmi tí mo wà n'Íbàdàn níbí lọ́dún 2019 nígbà táwọn ọlọ́pàá kó èèyàn 259 jáde nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ l'Ọ́jọ́ọ̀, tí wọ́n bá àwọn míì nínú wọn pẹ̀lú ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀, tó sì jẹ́ pé ẹbí àwọn èèyàn náà ló fọwọ́ ara wọn mú wọn lọ síbẹ̀, kí n wá gbé ọmọ fún ẹni tí ò tiẹ̀ bi mí lórúkọ ẹ̀. Ká má rí i.

Látìgbà yẹn, bí ilé kan ṣe ń gba ọmọ wọlé ni mo fi ń mọ̀ bóyá ọmọ máa bọ́ lọ́wọ́ ewu níbẹ̀. Wọ́n lè kun ilé ní yẹ́lò, kí wọ́n gbin òdòdó sẹ́nu gétì, ìyẹn ò kàn mí. Ẹ jẹ́ n rí ìwé tẹ́ ẹ ń kọ ọmọ sí ná.

Ti ibi tí kóòtù rán wa lọ yìí, ìwé gàgàrà kan ló wà ní gétì. Ọkùnrin tó wà nídìí ẹ̀ kọ́kọ́ gbójú sókè wo aago ara ògiri kó tó kọ àsìkò tá a wọlé. Ó kọ orúkọ ọmọ, ó kọ orúkọ kóòtù, ó kọ nọ́ńbà ìwé àṣẹ tí kóòtù fún wa, ó kọ ìdí tí wọ́n fi rán an wá, orúkọ wẹ́lífíà tó mú un wá, orúkọ ìyá, orúkọ bàbá, nọ́ńbà fóònù wa, ó tún pe nọ́ńbà náà lójú wa kó lè mọ̀ bóyá ó ń lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ń kùn pé "ṣé báǹkì la wá ni, ṣé a fẹ́ ṣí àkáǹtì ni," mo ní kó fi wọ́n sílẹ̀ jàre. Ohun tí ọkùnrin yẹn ń ṣe, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti kọ ọ́ sílẹ̀ láti ọdún 1990 nínú ìlànà tí wọ́n ṣe fáwọn ọmọdé tí wọ́n bá tì mọ́bì kan: ẹni tọ́mọ náà jẹ́, ìdí tó fi wà níbẹ̀, ẹni tó pàṣẹ ẹ̀, ọjọ́ àti wákàtí tó wọlé, ọjọ́ àti wákàtí tó jáde, àti bí wọ́n ṣe fi tó òbí ẹ̀ létí. Ọmọ tí wákàtí tó wọlé bá ti wà nínú ìwé, ẹnì kan ò lè jí lọ́jọ́ kan kó ní òun ò rí i rí.

Ó kan ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì. Bébà kan wà lọ́wọ́ ẹ̀ tí wọ́n ya àwòrán èèyàn sí, iwájú kan ẹ̀yìn kan, gbogbo àpá tó bá ti rí lára ọmọ, á fi bíró pupa sàmì sójú ibẹ̀ lára àwòrán yẹn. Àpá orúnkún tó ti wà látìgbà tó ti já lulẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́, ó sàmì sí i. Àpá abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọdé tó wà lápá, ó sàmì sí i. Ó wá dé èjìká, ọgbẹ́ kan wà níbẹ̀ tí ò tíì jiná, ó bi í pé kí ló ṣe é, ọmọ dákẹ́, ó wo ìyá ẹ̀, ó wolẹ̀, ó wá ní téṣàn ni. Nọ́ọ̀sì ò pariwo, kò ní "ẹ wò ó", ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó kọ déètì, ó ní kí ìyá ẹ̀ sáìnì, wẹ́lífíà náà sáìnì. Ó wá ní, "Màmá, èyí tó bá a wọlé la kọ yìí o. Tí òmíì bá yọ lára ẹ̀ lẹ́yìn òní, àwa la máa sọ bó ṣe débẹ̀." Nítorí gbólóhùn yẹn nìkan mo ti fún wọn ní ìràwọ̀ kan, wọ́n ì bá máà ṣe nǹkan míì mọ́.

Ó tún bi í bóyá ó ń fa igbó, bóyá ó ń mu kodíìnì. Ìyá ẹ̀ ti la ẹnu láti bá a dáhùn pé rárá o, ọmọ òun kọ́, nọ́ọ̀sì rọra ní "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dúró síta díẹ̀." Ohun tọ́mọ náà sọ lẹ́yìn tó jáde, a ò mọ̀, kò sì yẹ ká mọ̀. Wọ́n gba bẹ́líìtì ẹ̀, wọ́n tú okùn bàtà ẹ̀, wọ́n gba fóònù, gbogbo ẹ̀ pátá ni wọ́n kọ, wọ́n já rìsíìtì fún wa. Obìnrin kan wá jókòó tì í, ó ń ka òfin ilé fún un ní Yorùbá, kì í ṣe pé wọ́n kàn na bébà òyìnbó sí i kó sáìnì.

Tó bá wá kan ìwé gan-an, ibẹ̀ ni omi ti fẹ́ bọ́ lójú mi. Ọmọ tá à ń pè ní JSS 3, tíṣà gbé ìwé kíkà Primary 4 fún un, ńṣe ló ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, tó bá dé ọ̀rọ̀ tó gùn á fò ó, á máa bá tèmíì lọ. Owó school fees tá a ti san láti Primary 1 wá, ẹ má jẹ́ n sọ̀rọ̀. Tíṣà yẹn ò rẹ́rìn-ín, kò bú u, ó ní "ó dáa, a ti mọ ibi tá a ti máa bẹ̀rẹ̀," ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n wá pín in báyìí: ó ń bá àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ka JSS 3 láàárọ̀, tó bá di ọ̀sán á lọ sọ́dọ̀ tíṣà ìwé kíkà pẹ̀lú àwọn tí wọ́n jọ ń tiraka, àwọn míì nínú wọn dàgbà jù ú lọ, kò sẹ́ni tó ń fi ẹnì kejì ṣe yẹ̀yẹ́. Kíláàsì ò kún, tíṣà ń mọ orúkọ gbogbo wọn. Àgùnbánirọ̀ kan ló ń kọ́ wọn ní maths, ọmọ náà gbọ́ ọ débi pé òun ni wọ́n máa ń sọ̀rọ̀ ẹ̀ tá a bá lọ kí wọn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rò pé ọmọ tó bá ti ṣẹ̀ ò lẹ́tọ̀ọ́ síwèé mọ́, òfin UBE ọdún 2004, ìyẹn òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ, sọ pé ọdún 9 àkọ́kọ́, láti Primary 1 dé JSS 3, ọ̀fẹ́ ni, ọ̀ranyàn sì ni, kò yọ ọmọ tó wà nínú ọgbà sílẹ̀. Ìdánwò àṣejáde JSS 3 ń bọ̀ lọ́nà, ilé-ìwé kan tó wà ládùúgbò ni wọ́n gbé orúkọ àwọn ọmọ lọ láti bá wọn forúkọ sílẹ̀. Mo bi ọ̀gá wọn pé kí ló máa wà lórí sàtífíkéètì, ó ní orúkọ ilé-ìwé yẹn ni, kò ní sí nǹkan kan níbẹ̀ tó máa sọ pé ọmọ ti wà lọ́gbà rí. Ìlànà 1990 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn náà sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní ìyẹn dáa, torí ẹni tó bá fẹ́ gbà á síṣẹ́ ní ọdún mẹ́wàá sí i, kí ló kàn án pẹ̀lú Mọ́kọ́lá.

Ilé-ìwé tó wà tẹ́lẹ̀ ló kọ́kọ́ yọ wá lẹ́nu (mi ò ní dárúkọ tiwọn náà). Wọn ò fẹ́ fún wa ní rẹ̀sọ́ọ̀tì ẹ̀, wọ́n ní owó táàmù kan ṣẹ́ kù, bẹ́ẹ̀ a ní rìsíìtì lọ́wọ́. Wẹ́lífíà obìnrin tó ń mójú tó ọmọ ló gbé fáìlì dání lọ bá wọn, tí wọ́n fi wá a jáde. Òbí tó bá dá lọ á ti sú u. Mo rò pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń já ìwé sílẹ̀, wọn ò rí bébà gbà lọ́hùn-ún, wọn ò rí àyè wọlé síbí, oṣù á máa gorí oṣù.

Ààbò wá ńkọ́? Wọ́n ń ka àwọn ọmọ láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, wọ́n ń kọ iye tí wọ́n kà síbì kan náà tí ẹni tó bá gba iṣẹ́ lẹ́yìn á tún fọwọ́ sí i. Àwọn kéékèèké ò jọ sùn sí họ́sítẹ́ẹ̀lì kan náà pẹ̀lú àwọn ńlá. Àwọn tí kóòtù ò tíì parí ẹjọ́ wọn ní yàrá tiwọn. Àwọn ọlọ́dẹ ò gbé ìbọn, wọn ò gbé kóńdó, fèrè nìkan ló wà lọ́rùn wọn. Ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀ tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́, wọ́n ń ka abẹ́rẹ́ àti sísọ́ọ̀sì kí ẹnikẹ́ni tó jáde, mo rí wọn lójú ara mi, abẹ́rẹ́ kan dín, gbogbo kíláàsì jókòó, wọ́n wá a títí wọ́n fi rí i lára aṣọ tọ́mọ kan ń rán lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó bú ẹnikẹ́ni.

Wọn ò na ọmọ. Bàbá ẹ̀ ò gbà á gbọ́, ó ní ilé-ìwé wo ni ò kí ń na ọmọ, ó ní ìyẹn gan-an ló máa bà á jẹ́. Tọ́mọ bá ṣẹ̀, wọ́n lè gba àyè bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ẹ̀, tàbí kó lọ gbálẹ̀ kíṣìnnì, àmọ́ wọn kì í fi oúnjẹ dù ú, wọn kì í ní kó máà bá ìyá ẹ̀ sọ̀rọ̀, wọn kì í tì í mọ́ yàrá òkùnkùn. Ọjọ́ Sátidé ló ń pè wá.

Nǹkan kan ṣẹlẹ̀ o, kẹ́ ẹ má bàa rò pé ìpolówó ni mò ń ṣe. Bọ̀ọ̀bọ́ kan gbá a lẹ́ṣẹ̀ẹ́ lẹ́nu lórí sílípáàsì, ètè ẹ̀ wú. Kílẹ̀ tó ṣú lọ́jọ́ náà wọ́n ti pè wá, ọ̀gá wọn fúnra ẹ̀ ló pè, ó sọ bó ṣe jẹ́, ó ní nọ́ọ̀sì ti wò ó, ó ní ká wá tá a bá fẹ́ wá. A débẹ̀, bébà àwòrán èèyàn yẹn ni wọ́n mú jáde, ètè ti wà níbẹ̀ pẹ̀lú àmì pupa, ẹni tó gbá a lẹ́ṣẹ̀ẹ́, ẹni tó là wọ́n, àsìkò tó ṣẹlẹ̀, gbogbo ẹ̀ wà ní kíkọ. Wọ́n ti gbé ibùsùn àwọn méjèèjì jìnnà síra wọn. Ọmọ ń jà nílé-ìwé olówó ńlá n'Íbàdàn yìí, tó jẹ́ pé ojú tó wú lòbí máa fi mọ̀.

Àpótí kan wà lára ògiri ibi ìjẹun tí ọmọ lè ju bébà sí tẹ́nì kan bá ń yọ ọ́ lẹ́nu, ìyá wẹ́lífíà tó ń ti ìta wá ló ni kọ́kọ́rọ́ ẹ̀, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ò ní in. Mo fẹ́ràn ìyẹn. Àpótí tí ọ̀gá ilé bá ń ṣí fúnra ẹ̀, ta ló máa ju nǹkan sí i.

Ó wá kan ẹyọ ìràwọ̀ tí mo dá dúró. Alẹ́ ni. Wọ́n ń fi páádì ti ilẹ̀kùn họ́sítẹ́ẹ̀lì láti ìta, bẹ́ẹ̀ irin wà lójú fèrèsé gbogbo. Mo bi wọ́n pé ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ ń wà, wọ́n ní ọwọ́ mẹ́tírọ́ọ̀nù, mo ní ibo ni mẹ́tírọ́ọ̀nù ń sùn, wọ́n nawọ́ sí ilé kejì, lẹ́yìn kíṣìnnì lọ́hùn-ún. Mo ní tí iná bá wá sọ lóru ńkọ́, wáyà àtijọ́ ló wà lára ilé yẹn o. Wọ́n fi ohun pupa tí wọ́n fi ń pa iná hàn mí lẹ́nu ọ̀nà, ìta ló wà, àwọn ọmọ wà nínú, mo bẹ̀rẹ̀ mo ka káàdì tí wọ́n so mọ́ ọn lọ́rùn, àsìkò tó yẹ kí wọ́n tún un kún ti kọjá tipẹ́. Mo sọ fún ọ̀gá wọn, kò bínú, ó kọ ọ́ sílẹ̀ (wọ́n fẹ́ràn kíkọ sílẹ̀ ṣá). Nígbà tá a padà lọ, wọ́n ti ra tuntun, wọ́n ti gbé e wọ inú. Àmọ́ páádì ṣì wà níta, mẹ́tírọ́ọ̀nù ṣì ń sùn lẹ́yìn kíṣìnnì. Mo mọ̀ pé wọ́n ń bẹ̀rù kọ́mọ máà sá lọ. Àgbàlagbà kan tó ń sùn sínú họ́sítẹ́ẹ̀lì yẹn gan-an, tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́rùn ẹ̀, á ṣe méjèèjì. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣe é, màá wá fi ìràwọ̀ kan sí i.

Àwọn nǹkan kéékèèké míì: kò sí láàbù sáyẹ́ǹsì, inú ìwé ni wọ́n ti ń wo ẹ̀rọ awò-kòkòrò. Kámẹ́rà tó wà ní gétì, iná NẸ́PÀ ló ń gbé e, ẹ̀yin náà ẹ mọ iye wákàtí tó máa ń wà. Ọjọ́rú ni ọjọ́ àlejò, ìyẹn sì nira fún àwa tá à ń tajà ní Gbági, kò burú kí wọ́n fi ọjọ́ Àìkú kan kún un lóṣù. Oúnjẹ ò burú, ọmọ ní gbẹ̀gìrì wọn ń ṣàn jù, ìyẹn náà ẹjọ́ ni.

Torí pé kóòtù ló rán an lọ, wọn ò gbowó ilé-ìwé lọ́wọ́ wa, àwa la ra fóòmù tó ń sùn lé, ọṣẹ, kànìnkàn àti sílípáàsì. Ẹ má kó bisikíìtì tí wọ́n ti tú lọ, wọ́n máa dá a padà. Ẹ mú ìwé ìbí àti kọ́pì ìwé àṣẹ kóòtù dání, ẹ tún ṣe fọ́tókọ́pì ẹ̀ sílé. Tí wọ́n bá ń kọ ìwé nọ́ọ̀sì, ẹ dúró tì wọ́n, ẹ ka ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sáìnì, kẹ́ ẹ sì béèrè ibi tí kọ́kọ́rọ́ ń sùn lálẹ́. Ẹni tó bá ní ọmọ ní irú ipò yìí tó fẹ́ mọ ilé náà, kó fi mẹ́sẹ́èjì ráńṣẹ́ sí mi ní kọ̀rọ̀, màá fi nọ́ńbà wẹ́lífíà tó ràn wá lọ́wọ́ ránṣẹ́ tóun náà bá ti gbà. Ẹ má kọ orúkọ ọmọ sínú mẹ́sẹ́èjì yẹn o, ọjọ́ orí ẹ̀ nìkan ti tó mi.